Bí a ṣe ń so jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ́ ilé láìfi ẹ̀mí wewu: ìjíròrò àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́

Onílé, Adénìkẹ́

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ajílété, nílé lóko. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí àwọn tí iṣẹ́ iná yé bá mi dá sí i. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni à ń gbé ní àdúgbò Adénìkẹ́, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ amúnáwá oní-2.5 kVA kan tí ń lo bẹntiróòlù. Títí di ìsinsìnyí, wáyà onísókẹ́ẹ̀tì ni a ń fà gba ojú fèrèsé wọlé, òun ni a fi ń lo fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí iná orí àjà, fíríìjì àti pọ́ǹpù tí ń fa omi láti inú kànga náà máa ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná ládùúgbò sọ fún mi pé kò sí ohun tí ó le níbẹ̀: kí n wá wáyà tí ó ní púlọ́ọ̀gì ní orí méjèèjì, kí n ki orí kan bọ ara jẹnẹrétọ̀, kí n ki orí kejì bọ sókẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, gbogbo ilé yóò sì tàn. Ó ní kí n ṣáà ti máa rántí pa bírékà ńlá kí n tó tan ẹ̀rọ. Ó rọrùn jù lójú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè. Ṣé bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn? Bí kò bá dára, kí ni kí n ṣe dípò rẹ̀, apá wo nínú iṣẹ́ náà ni mo sì lè fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Òṣìṣẹ́ Orí Òpó

Onílé wa, mo kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra wáyà olórí méjì yẹn, bí ẹ bá sì ti rà á, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ kí ọmọdé tó rí i gbé. Orí òpó iná ni mo ti jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ojú ẹni tí ó wà lókè òpó ni n ó fi dáhùn.

Bí iná ṣe rí nígbà tí ó bá wọ ilé yín kọ́ ni ó ṣe rí nígbà tí ó dé àdúgbò. Orí wáyà ńlá ni ó gbà wá pẹ̀lú agbára 11,000 fóltì, tàbí 33,000 ní àwọn ibòmíràn. Tiransifọ́mà ẹ̀gbẹ́ títì ni ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 415 fóltì láàárín wáyà kan sí èkejì, èyí tí ó máa ń jẹ́ nǹkan bí 230 tàbí 240 nígbà tí ó bá dé sókẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé tiransifọ́mà kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi 230 fóltì ránṣẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀, yóò sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, yóò sì gbé e sórí wáyà tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú. Jẹnẹrétọ̀ tí a sì ki bọ sókẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ń gba inú sókẹ́ẹ̀tì náà dé bọ́ọ̀dù bírékà, láti bọ́ọ̀dù dé mítà, láti mítà dé òpó, àfi bí ohun kan bá dí i lọ́nà.

Àwọn kan yóò sọ pé jẹnẹ kékeré kò lè gbé gbogbo àdúgbò, pé yóò kú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nígbà tí wáyà àdúgbò bá pé. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni iná sábà máa ń lọ pẹ́ títí nílùú wa? Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, nígbà tí ìjì bá wó òpó, tí ẹ̀ka igi máńgòrò sì já wáyà. Bí wáyà bá já nítòsí yín, ilé yín àti bóyá ilé kan tàbí méjì sí i ni yóò ṣẹ́kù sórí èyí tí ó já. Ẹrù tí ì bá pa ẹ̀rọ náà kò ní sí mọ́, iná yóò sì wà lára wáyà tí ó sùn sínú ẹrẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dán wáyà wò, ó sì máa ń so ó mọ́ ilẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kàn án. Ọmọ tí ń lọ pọn omi kì í dán an wò, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ gbé e kúrò lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè kọjá.

Ẹ tún wo inú ilé fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà náà nígbà tí jẹnẹ ń ṣiṣẹ́, tí orí kejì sì yọ kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, irin púlọ́ọ̀gì tí ó wà ní gbangba yẹn ti ní iná lára, ó ń dúró de ọwọ́ ẹni tí yóò mú un. Bí iná NEPA bá sì dé lójijì nígbà tí ẹni tí ó yẹ kí ó pa bírékà kò pa á, àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan: iná méjì tí kò bá ara wọn rìn ni yóò pàdé, wáyà inú jẹnẹ lè jó, bẹ́ẹ̀ sì ni bẹntiróòlù wà lórí rẹ̀.

Ọmọ Màsífà

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá wa, n kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe òtítọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Mo mọ àwọn ilé tí wọ́n ń lo wáyà olórí méjì, tí wọ́n ń pa bírékà ńlá, tí ohunkóhun kò sì ṣe wọ́n. Bí bírékà ńlá bá ti wà ní pípa, ọ̀nà ìta ti dí nìyẹn. Ṣéńjófà, ìyẹn swíìṣì tí ń gbé ilé kúrò lórí iná NEPA sórí jẹnẹ, owó ni. Wáyà, owó ni. Owó iṣẹ́ tún ń bẹ lẹ́yìn. Kí ni kí ẹni tí kò ní in ṣe?

Oníṣẹ́ Iná, Tákìé

Bírékà tí a pa dí ọ̀nà lóòótọ́, n kò ní jiyàn ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí á bi ara wa ni ẹni tí yóò máa pa á. Ẹ̀yin ni lónìí. Lọ́la, ẹ ti lọ sí Ìbàdàn, àbúrò yín tí ó wá kí yín ni yóò tan ẹ̀rọ. Tàbí kí iná dé lálẹ́, kí gbogbo àdúgbò pariwo “Up NEPA!”, kí ẹnì kan nínú ilé sáré gbé bírékà sókè kí ẹlòmíràn tó dé ìdí jẹnẹ. Orí ìrántí ènìyàn ni ààbò yẹn dúró lé, èmi kò sì fi ìrántí ènìyàn ṣọ́ iná rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ilé àtijọ́ wà tí bírékà ńlá wọn ń gé wáyà iná nìkan, tí wáyà nútírà, èyí tí iná ń gbà padà, ṣì wà ní síso mọ́ òpó.

Ṣéńjófà yàtọ̀ nítorí pé irin inú rẹ̀ kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú mẹ́ta ni ó ní: NEPA ní apá kan, jẹnẹ ní apá kejì, òdo ní àárín, níbi tí ilé kò ti gba iná láti ibì kankan. Kí ó tó kan jẹnẹ, ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lára NEPA. Bí ọmọdé ni ó yí i, bí ẹni tí oorun ń kùn ni ó yí i, iná méjèèjì kò ní fojú kan ara wọn.

Ní ti owó, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó ra ṣéńjófà, ohun tí Onílé ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ó máa ṣe lọ, ìyẹn wáyà onísókẹ́ẹ̀tì láti ara jẹnẹ sí ara ohun èlò tààrà. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò kan wáyà ilé, kò sì lè dé orí òpó láéláé. Kò sí ilé tí ó jẹ́ dandan fún un kí iná orí àjà rẹ̀ tàn lálẹ́ òní.

Wàyí o, iṣẹ́ náà gan-an. Àárín mítà àti bọ́ọ̀dù bírékà ni ṣéńjófà máa ń wà. Wáyà tí ó ti ara mítà jáde yóò wọ apá NEPA, wáyà láti ara jẹnẹ yóò wọ apá kejì, èyí tí ń lọ sí bọ́ọ̀dù yóò sì ti ojú kẹta jáde. Fún ilé onífésì kan, ẹ ra èyí tí ń gé wáyà méjèèjì pa pọ̀, iná àti nútírà. Oní-63 ámpù tó fún ilé oníyàrá mẹ́ta bí bírékà ńlá ilé náà kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí fésì mẹ́ta wọ̀ ń fẹ́ èyí tí ń gé wáyà mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì gùn ju ohun tí a lè kọ síbí lọ. Èdìdì tí ó wà lára mítà, ti ilé iṣẹ́ iná ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa iná yín láti òkè òpó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tan án padà nígbà tí ó bá parí.

Lára ògiri ìta, níbi tí òjò kò ti lè bà á, a máa ń gbé àpótí kékeré kan tí ó ní ọmọrí sí, èyí tí irin púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nínú ihò. Akọ, ìyẹn èyí tí ó ní irin, ni ti ara ògiri, nítorí pé iná ń wọ inú rẹ̀ ni. Abo, ìyẹn èyí tí ó ní ihò nìkan, ni orí wáyà tí ó ti ara jẹnẹ wá, nítorí pé iná ń ti inú rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ wáyà tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí yóò pa ènìyàn, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: orí tí iná ti ń jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ abo ní gbogbo ìgbà. Wáyà olórí méjì kò tẹ̀lé èyí, nítorí náà kò yẹ kí oníṣẹ́ iná kankan so ó fún ènìyàn, bí oníbàárà tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀rọ oní-2.5 kVA ń fúnni ní nǹkan bí 11 ámpù ní 230 fóltì. Wáyà kọ́pà 2.5 mm² lè gbé e, ṣùgbọ́n 4 mm² ni mo máa ń lò, nítorí ibi tí jẹnẹ yẹ kí ó wà jìnnà sí ilé, àti nítorí pé ẹni tí ó ra 2.5 kVA lónìí lè ra 3.5 lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà tí wọ́n kọ 4 mm sí lára tí inú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ní kí wọ́n bó orí rẹ̀, kí ẹ wo kọ́pà náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ilé yín bá ti pẹ́, wáyà pupa ni iná, dúdú sì ni nútírà. Nínú ilé tuntun, wáyà búráwùn ni iná, búlúù sì ni nútírà. Mo ti rí ilé tí àwọ̀ méjèèjì wà pọ̀ nínú bọ́ọ̀dù kan, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ láìfi mítà ọwọ́, èyí tí a fi ń wọn iná, dán an wò.

Ohun tí Onílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò kéré. Ẹ lè yan ibi tí ẹ̀rọ yóò máa dúró, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kí ó gbé sílẹ̀ pẹ̀lú wáàtì wọn, kí ẹ sì bá oníṣẹ́ iná lọ sí ọjà. Inú bọ́ọ̀dù ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò iná lé lọ́wọ́, ni ó ń fọwọ́ sí àwọn oníṣẹ́ iná. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn béèrè.

Ọmọ Màsífà

Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣé mo lè ra ṣéńjófà tòkunbọ̀ kí owó lè dínkù?

Oníṣẹ́ Iná, Tákìé

N kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ojú ibi tí irin ti ń kan irin ni iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo wà, ti tòkunbọ̀ sì sábà máa ń ti jó dúdú, tí sípíríìnì rẹ̀ sì ti dẹ̀. Yóò máa gbóná láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ kúkú ra tuntun tí ó kéré.

Ìyá Onífírísà, Sábó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹja dídì ni mo ń tà. Jẹnẹ mi ń gbé fírísà kan láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí mo bá tan èkejì, ohùn rẹ̀ á yí padà, iná á sì rẹlẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ kú. Ẹni tí ó tà á fún mi sì sọ pé 3 kVA ni, pé ó yẹ kí ó gbé fírísà mẹ́ta. Ṣé ó rẹ́ mi jẹ ni?

Oníṣẹ́ Iná, Tákìé

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ó lè má rẹ́ yín jẹ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó lè gbé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí ó lè gbé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kéré sí i, ara pátákó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. kVA kọ́ sì ni wáàtì: ẹ sọ 3 kVA di ìlọ́po 0.8, yóò fún yín ní nǹkan bí 2,400 wáàtì, kí ẹ sì má lò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà pẹ́.

Ohun tí ó ń ṣe yín gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀. Fírísà tí ń jẹ 200 wáàtì nígbà tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ lè fa ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún iye yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá tí mọ́tò rẹ̀ bá kọ́kọ́ yí. Bí méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ yóò kérora. Ẹ tan èyí tí ó tóbi jù ṣáájú, kí ẹ jẹ́ kí ohùn jẹnẹ padà sípò, kí ẹ tó tan èkejì. Ìkérora yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ lè máa fara dà, nítorí pé fóltì tí ó rẹlẹ̀ ni ó ń jó mọ́tò fírísà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Onílé náà. Pọ́ǹpù oní-họ́ọ̀sì-páwà kan ń ṣe iṣẹ́ 746 wáàtì, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nǹkan bí 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iná, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì lè kọjá agbára 2.5 kVA bí nǹkan mìíràn bá ti wà níbẹ̀. Ẹ fa omi nígbà tí fíríìjì bá wà ní pípa. Áyọ́ọ̀nù a máa jẹ 1,000 wáàtì sókè, kẹ́tùlù oníná lè dé 2,000. Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn dúró de NEPA.

Nọ́ọ̀sì Òru

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀rọ̀ wáyà má jẹ́ kí á gbàgbé èéfín. Nínú ohun tí ń ti sàlẹ́ńsà jẹnẹ jáde ni gáàsì kan wà tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú. Bí ènìyàn bá fà á símú, yóò lẹ̀ mọ́ ohun tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní igba. Ẹni tí ó sùn kì í jí láti sá fún un.

Orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ibà ni, tí wọ́n á lo oògùn ibà, tí wọ́n á sì padà lọ sùn sínú yàrá kan náà. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé kan bá ń ní irú orí fífọ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn sì ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, jẹnẹ ni kí ẹ fura sí. Ẹ pa á, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé wọn síta sínú afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ọ́síjìn wà. Epo pupa tàbí mílíìkì kò lè yọ gáàsì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi wọ́n fi àkókò ṣòfò, pàápàá fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, nítorí ó lè fún un lọ́nà ọ̀fun.

Ibi tí ẹ̀rọ yóò dúró sí gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó kéré tán ní mítà mẹ́fà, ìyẹn ogún ẹsẹ̀ bàtà, kí sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì kọjú sí gbangba. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta. Abẹ́ àtẹ̀gùn kì í ṣe ìta. Àárín ilé onípáséèjì, tí yàrá kọjú sí yàrá, ni ó burú jù, nítorí pé yàrá mẹ́wàá ni yóò jọ mu èéfín ẹnì kan. Fèrèsé tí a ṣí kò tó láti gba ẹni tí ó gbé jẹnẹ sí ilé ìdáná. Ẹ sì rántí fèrèsé aládùúgbò yín náà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Under G

Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mo ń gbé, onílé kò sì ní gbà kí á fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Mo ní “I better pass my neighbour” kékeré kan. Ṣé mítà mẹ́fà yẹn ṣeé ṣe nígbà tí àyè kò sí, tí olè sì wà?

Oníṣẹ́ Iná, Tákìé

Àbúrò, ìwọ kò nílò bọ́ọ̀dù rárá. Ra wáyà onísókẹ́ẹ̀tì tí ó gùn tó, tí ó ní wáyà mẹ́ta nínú, 1.5 mm² ó kéré tán, kí o sì tú u sílẹ̀ tán pátápátá bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń ká, nítorí pé èyí tí a ká jọ a máa gbóná títí ara rẹ̀ á fi yọ́. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn irin, má sì fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó. Bí àyè mítà mẹ́fà kò bá sí nínú ọgbà yín, ẹ̀yin ayálégbé ẹ jọ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ wá ibì kan lẹ́yìn ilé tí gbogbo jẹnẹ yóò máa wà. Bí kò bá gbà, jẹ́ kí jẹnẹ wà ní pípa. Ọ̀rọ̀ lásán ni olè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí nọ́ọ̀sì sọ.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wáyà ilẹ̀ kún un fún Onílé, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí a sáré ṣe ti máa ń kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ jẹnẹ kékeré ni kò so nútírà wọn mọ́ ara irin wọn. Ìdí nìyẹn tí tẹ́sítà fi lè máa tàn fẹ́ẹ́rẹ́ lára wáyà méjèèjì, tí àwọn kan yóò fi sọ pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Bí ṣéńjófà bá ti gé nútírà NEPA kúrò, tí ilé wá wà lórí irú jẹnẹ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó so nútírà mọ́ ilẹ̀ mọ́, bírékà tí ó yẹ kí ó já nígbà tí iná bá ń jò lè má já. Oníṣẹ́ iná yóò so nútírà jẹnẹ mọ́ ilẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, ní apá jẹnẹ, pẹ̀lú ọ̀pá kọ́pà tí a rì mọ́lẹ̀, tí a sì wọn bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń gba iná tó. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe èyí. Ilẹ̀ wa a máa gbẹ táútáú nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n rì í sí ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n wò ní oṣù kìíní. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní oṣù keje nìkan lè tàn yín jẹ.

Onílé, Adénìkẹ́

Ọlọ́run yóò bù kún ìmọ̀ yín. Ó kù kan: nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ pé NEPA ti dé bí ilé bá wà lórí jẹnẹ?

Òṣìṣẹ́ Orí Òpó

Ṣéńjófà yóò wà lórí òdo, gbogbo bírékà kékeré yóò sì wà ní pípa, kí ẹ tó fa okùn ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lásán fún ìṣẹ́jú bíi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ wo ọwọ́ fóltì lójú rẹ̀ bí ó bá ní in, lẹ́yìn náà ẹ yí ṣéńjófà sí jẹnẹ, kí ẹ wá máa gbé bírékà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ gbà á padà bí ẹ ṣe wá: bírékà, ṣéńjófà sí òdo, ẹ̀rọ gbẹ̀yìn.

Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi gúlóòbù kékeré kan pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀ sí apá NEPA, ṣáájú ṣéńjófà. Bí iná bá dé, yóò tàn, ẹ kò ní máa yọjú wo ilé aládùúgbò. Bí ó bá sì tàn, ẹ má tíì yí ohunkóhun. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí pé iná tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè ga, ó lè rẹlẹ̀, ó sì tún lè lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́, kí ẹ tó san owó tí ó kù, ẹ ní kí oníṣẹ́ náà gbé ilé sórí jẹnẹ nígbà tí NEPA kò sí, kí ó sì fi mítà ọwọ́ wọn apá NEPA lójú yín. Òdo ni ó gbọ́dọ̀ kà. Bí ó bá ka nǹkan mìíràn, iṣẹ́ kò tíì parí.

Alátùnṣe Jẹnẹ

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀rọ ń bọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ má da bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ṣì gbóná. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó tutù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó ṣí ọmọrí rẹ̀. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, ẹ má gbé àtùpà tàbí àbẹ́là sún mọ́ ọn. Kẹ́ẹ̀gì epo kì í gbé inú yàrá tàbí ilé ìdáná. Ẹ máa wo ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó tan án, nítorí pé àìsí ọ́ìlì ni ó ń pa ẹ̀rọ kékeré jù.

Ní ti òjò àti olè, n kò fara mọ́ àwọn ilé bíríkì kékeré tí àwọn ènìyàn ń kọ́ fún jẹnẹ, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí, tí wọ́n sì tì í pa nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò rí afẹ́fẹ́ mí, ooru rẹ̀ lè dá iná sílẹ̀, èéfín á sì kó jọ sínú rẹ̀ títí yóò fi wá ọ̀nà gba ilé lọ. Páànù lórí òpó mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí ó ga díẹ̀ kí àgbàrá má bàa dé ìdí rẹ̀, ti tó. Nígbà tí ẹ bá ń da sìmẹ́ńtì náà, ẹ ri òrùka irin kan mọ́ ọn, kí ẹ fi ṣéènì tí ó nípọn gba inú òrùka náà àti ara férémù jẹnẹ, kí ẹ sì fi àgádágodo tí òjò kò lè bàjẹ́ tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ Under G, ìwọ àti àwọn ará ilé yín lè ṣe kan lẹ́yìn ilé, òrùka kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.